Wáyà Tí Mo Gé Nínú Balùwẹ̀

Ìsàlẹ̀ Taba,
Ṣakí.
Ọjọ́ Àìkú, nínú oṣù kọkànlá.

Sodiqat ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ọkọ rẹ Tàjúdéènì, àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé eyín tó ń da ọmọ kékeré láàmú ti yọ tán. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ náà ti ń balẹ̀, ó ń sùn dáadáa, ikọ́ kò sì jí i lójú oorun mọ́. Èyí ni mo fi ṣíwájú kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá rí lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, torí mo mọ̀ pé a kì í kọ lẹ́tà síra wa mọ́ láti ìgbà tí fóònù ti dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Nígbà àkọ́kọ́, o bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé mo kú ìtọ́jú ìyá rẹ, mi ò sì lè la ẹnu mọ́. Nígbà kejì, ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ, ó ń pè mí ní Bàbá Àgbà, mo bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Jọ̀wọ́, kà á dópin kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

O rántí pé balùwẹ̀ wa ní fèrèsé tẹ́lẹ̀, tó kọjú sí títì. Èmi ni mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí i lójú nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, torí mo fẹ́ kí owó díẹ̀ máa wọlé lóṣooṣù. Láti ìgbà náà ni ooru omi gbígbóná kò ti rí ibi gbà jáde. Omi ń kán láti àjà, ògiri ń dúdú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, aṣọ ìnura kì í gbẹ. Ìyá rẹ, tó ti ní ikọ́ fée láti kékeré, ń wẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀ ní gbogbo àkókò ìrun.

Nígbà tí o wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa, o fi ọwọ́ pa ògiri yẹn, ọwọ́ rẹ sì dúdú. O ò bá mi jà. O kàn jáde lọ pe Mùstàfá, oníṣẹ́ iná tó wà lọ́nà Pólì. O fún un lówó, ó ra fáànù kékeré, ó dá ihò sókè ògiri ẹ̀yìn, ó sì fi fáànù náà síbẹ̀ kó máa fa ooru àti ọ̀rinrin jáde. O sọ fún wa pé bí ẹnikẹ́ni bá wẹ̀ tán, kí a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí kí a tó pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ògiri gbẹ. Ìyá rẹ kùn ún lọ́dà funfun, ó ní èémí òun ti ń délẹ̀.

Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Ní oṣù kejì tí fáànù dé, káàdì iná tó máa ń gbé wa dé ìparí oṣù tán ní ọjọ́ kejìdínlógún. Mo ra òmíràn, òun náà ò pẹ́. Mo ro ohun tuntun tó wọ ilé, mo ní fáànù ni. O mọ̀ mí, mi ò lè gbọ́ kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí ẹnì kankan ò sí. Bí ìyá rẹ bá jáde tí mo gbọ́ ìró fáànù lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé owó mi ló ń gba inú ihò yẹn jáde. Màá lọ pa á, òun á lọ tàn án padà. Ó ní, "Bàbá Sodiqat, ìdajì wákàtí ni ọmọ sọ." Mo ní ọmọ kọ́ ló ń ra káàdì. Irọ́ nìyẹn pàápàá, torí ọ̀dọ̀ rẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti ń wá.

Ní oṣù kẹjọ, ìyá rẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìgbòho. Kò sí iná lọ́jọ́ náà. Mo gun àga, mo yọ ìdérí fáànù, mo sì fi ọ̀bẹ gé wáyà kan níbi tí ojú kò ti ní tètè rí i. Mo dá ìdérí padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tó dé, tí iná náà sì dé, ó tẹ súìṣì, fáànù ò dáhùn. Ó pè mí. Mo tẹ súìṣì náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yà lẹ́nu, mo ní, "Ó ti bàjẹ́. Ayédèrú ni ọmọkùnrin yẹn gbé fún wa." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yẹn, kò wúwo lẹ́nu mi rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí nìyẹn.

O pè lọ́jọ́ kejì, mo sọ ohun kan náà fún ọ. Mo tiẹ̀ fi kún un pé wáyà tó jó ń rùn níbẹ̀. Inú bí ọ, o pe Mùstàfá, o sọ ọ̀rọ̀ líle sí i. Ó bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí òun wá wò ó, o ní kó má tẹ ẹsẹ̀ sí ilé bàbá rẹ mọ́. O tún sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ Florence, olùkọ́ tó ń kọ́lé lọ́nà Ìsẹ́yìn, tó ti fẹ́ gbé iṣẹ́ iná gbogbo ilé náà fún Mùstàfá. Florence sì gbé e fún ẹlòmíràn. Mo gbọ́ gbogbo èyí, mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀dọ́ ni, á rí iṣẹ́ mìíràn.

Òjò oṣù kẹsàn-án pọ̀. Ọ̀dà funfun tí ìyá rẹ kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, dúdú náà sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ikọ́ dé. Mo rí ògiri, mo gbọ́ ikọ́, mo sì mọ ohun tó fà á. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni màá wá ọgbọ́n so wáyà náà padà. Káàdì iná ńkọ́? Kò yí padà. Ó ṣì ń tán ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan là mí lójú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mò ń gé irùngbọ̀n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí korobá ṣubú nínú balùwẹ̀. Mo pe ìyá rẹ, kò dáhùn. Mo ti ilẹ̀kùn. Ooru kún ibẹ̀ débi pé mi ò tètè rí i. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó la ẹnu, èémí ò sì wọlé. Ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀. Ó na ọwọ́ sókè. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ló nà án sí, kí n tó rí i pé fáànù ló nà án sí. Mo fi ìró wé e lára, mo ké sí Akíntọ́lá aládùúgbò wa, ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn.

O dé lọ́jọ́ kejì, o sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó wà nínú mi ni o ò mọ̀. Dókítà béèrè irú ibi tí ìyá rẹ ti ń wẹ̀. Kí o tó dáhùn, mo ní, "Fáànù wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, oníṣẹ́ iná ló bà á jẹ́." Ìyá rẹ dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ́. O wá kúnlẹ̀ níwájú mi, lójú nọ́ọ̀sì, o ní, "Bàbá mi, ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé wọn wá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbàgbé." Sodiqat, ká ní o bú mi ni, ì bá sàn. Mo ní mo fẹ́ lọ kírun. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mo lọ, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mo sì sunkún níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n ní kí ìyá rẹ máa lọ sílé, ìwọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi lọ bá Mùstàfá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò jẹ́wọ́. Mo kàn ní kó wá bá mi wo fáànù. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n má wá sí ilé yín mọ́." Mo ní èmi ni mo ni ilé. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ó gun àga, ó yọ ìdérí, ó wò ó títí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e." Kò bi mí pé ta ni. Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Kí ló dé, Bàbá?" Mo ní nítorí káàdì iná.

Ó so wáyà náà, ó sì mú mi lọ sídìí mítà. Ó pa gbogbo nǹkan inú ilé, ó ku fáànù nìkan. Ó ní kí n máa wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára mítà, pé bó ṣe ń ṣẹ́jú ni yúníìtì ń lọ. Mo kà dé ọgọ́ta kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó pa fáànù, ó tan fírísà àlòkù tí mo rà ní ẹnubodè lẹ́yìn Iléyá, èyí tí mo máa ń fi yangàn pé mo rà ní ọ̀pọ̀. Mi ò lè kà kọjá mẹ́rin kí iná náà tó tún ṣẹ́jú. Ó fa rọ́bà etí ilẹ̀kùn fírísà náà, ó ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, òtútù ń jò jáde tọ̀sán tòru. Ó ní, "Bàbá, ohun tí fáànù yín máa jẹ lóṣù kan, tí ẹ bá ń tàn án fún wákàtí méjì lójúmọ́, fírísà yìí á jẹ ẹ́ láti àárọ̀ sí ọ̀sán." Rọ́bà tó ya ló ń jẹ owó mi, èémí ìyá rẹ ni mo gé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mùstàfá. Mo fẹ́ fún un lówó, kò gbà á. Bó ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, inú ilé ni ẹ ti ń bẹ̀ mí. Ìta ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́." Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ dé láti ilé ìwòsàn tí ẹ bá fáànù lẹ́nu iṣẹ́, mo tún sọ fún yín pé oníṣẹ́ mìíràn ló tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ Mùstàfá kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí o padà sí Abẹ́òkúta, mo lọ bá Florence nílé ìwé lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó má kúnlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní iṣẹ́ iná ilé òun ti parí, kò sí ohun tó kù tí òun lè gbé fún Mùstàfá, ṣùgbọ́n òun á sọ òtítọ́ fún gbogbo ẹni tí òun ti sọ irọ́ náà fún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ fúnra mi. Mo tún sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí fún àwọn àgbààgbà tí mo ti bá sọ̀rọ̀ Mùstàfá láìdáa. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí a bá pàdé lójú títì, ó ń kí mi dáadáa, àmọ́ kì í dúró.

Ìyá rẹ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ni mo sọ fún kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni, ó ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Kò gbójú sókè títí mo fi parí. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Lọ́jọ́ tí ẹ bá mi nílẹ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé wáyà tí ẹ gé ni?" Mo ní mo mọ̀. Ó ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó gbé e wọlé. Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ń se oúnjẹ fún mi, ó sì ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń gbé korobá rẹ̀ lọ wẹ̀ ní ilé Akíntọ́lá. Fáànù ń ṣiṣẹ́, ògiri ti ń gbẹ, mo sì ti yọ fírísà kúrò lára iná. Èmi nìkan ni mò ń wẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá wẹ̀ tán, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ fún odindi ìdajì wákàtí, kí n máa gbọ́ ìró rẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o pe Mùstàfá. Ọ̀rọ̀ líle tí o sọ sí i, èmi ni mo fi sí ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ ló fi gbọ́ ọ. Má sì bá mi bẹ ìyá rẹ. Jẹ́ kó bínú dé ibi tí ìbínú rẹ̀ bá dé. Bí inú bá bí ìwọ náà, má fi pa mọ́ nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Bí o ò bá pè mí fún ìgbà díẹ̀, màá mọ ìdí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọ ṣe ọ́ ní ibi. Kí ilé rẹ tù ọ́ lára. Kí èémí má nira fún ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ, kí òótọ́ má sì wúwo láàárín ìwọ àti ọkọ rẹ bó ṣe wúwo fún mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń tọrọ àforíjì,

Ràmọ́nì.

Àfikún: Ìyá rẹ bá mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ní kí n gbé e wá. Ó gba awò ojú mi, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní mo fo ohun kan. Ó ní nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ikọ́ náà ń le sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun bẹ̀ mí pé kí n ránṣẹ́ pe Mùstàfá, tí mo sì ń sọ fún òun pé ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kíṣí. Òótọ́ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sí i. Mo ti kọ ọ́.