Mo Ti Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Kan Orí Mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màmá le, wọ́n ṣì ń bá máṣíìnì ìránṣọ mi jà nítorí ariwo.

Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn dókítà fọwọ́ kan orí mi. Wọ́n ti fọwọ́ kàn án o! Ẹ̀jẹ̀ imú tí a máa ń sọ pé ooru ló fà á, ogún tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa ni. Dókítà ní àìsàn ìdílé tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ni, ó lè dé ọpọlọ. Ó ya àwòrán ọpọlọ mi, ó rí ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó.

Ó ní, "Tó bá bẹ́, ó lè pa ọ́. Ìtọ́jú ẹ̀ náà sì léwu."

Mo ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀. Bàbá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò dìde mọ́. Èmi ò ní jókòó dè é."

Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba itan mi dé orí, wọ́n sì fi gúlúù ìṣègùn dí ibi tó ta kókó náà pa. Orí fọ́ mi gan-an, àmọ́ mo ti padà sídìí iṣẹ́.

Imú tiyín náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ọkùnrin ni yín. Ẹ kó àwọn ọmọ, kí gbogbo yín lọ ya àwòrán ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ jókòó sílé ìwòsàn kẹ́ ẹ máa bínú.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín, olórí kunkun.