Èmi Ni Olórin Kọkàndínlógún

Àbígbẹ̀yìn mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú iṣẹ́. Ara ńkọ́? Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o gbà ńkọ́, ṣé omi ti ń yọ níbẹ̀ báyìí? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, o ò ní fẹsẹ̀ kọ, ojú ò ní tì ọ́ láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, torí mo fẹ́ kí àdúrà yẹn ti dé ara rẹ kí ìbínú mi tó dé. Àlàáfíà la wà nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ti kan òrùlé tó ń jò, ewúrẹ́ sì ti bí méjì. Èmi ni inú ń bí. O gbé orin mi lọ sígboro láìtíì pé, o ò béèrè, ó sì ti di ọdún méjì báyìí tí o ò tíì padà wálé wá gba èyí tó kù.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa, mo lọ fún un ní aṣọ tí mo rán fún un, èyí tó máa ń so mọ́ àwọn oníbàárà lọ́rùn tó bá ń gẹrun wọn. Fóònù rẹ̀ ń kọrin lórí tábìlì. Ẹnì kan ń fun fèrè, ó fun ún títí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi ń ṣe mí láàánú, ọmọkùnrin kan wá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà bí ẹni tí ajá ń lé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo wò yíká pé télọ̀ wo ló wá gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ládùúgbò yìí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi! Onígbàjámọ̀ ní ṣé n kò mọ̀ ni, pé ọmọ mi ló ń ṣa orin jọ, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ti ijó àti ti ẹkún, tó ń tò wọ́n sójú kan kí gbogbo ayé máa gbọ́, pé iṣẹ́ tí ọ́fíìsì gbà ọ́ sí gan-an nìyẹn.

N kò bá iṣẹ́ rẹ jà o. Èmi náà kò hun aṣọ tí mò ń gé. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ rán àgékù aṣọ pọ̀, mo máa ń wo èyí tó bá èkejì rẹ̀ mu. Ìwọ kò mọ ìtò rárá! Mo ní kí onígbàjámọ̀ ka gbogbo wọn fún mi, ni mo bá rí i pé èmi ni olórin kọkàndínlógún nínú ogójì. Ọmọ tí ajá ń lé yẹn ló ṣíwájú mi. Bàbá àgbà olórin kan tí wọ́n ní ó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi, ìsàlẹ̀ pátápátá lo jù ú sí. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èyí tó wá burú jù, ẹ̀yìn mi gan-an lo to ọkùnrin kan sí tó ń bẹ ìyàwó oníyàwó pé kó fi ọkọ sílẹ̀ kó máa bá òun lọ. Abilékọ ni mí! Mo ní kí onígbàjámọ̀ gbé bàbá àgbà síwájú. Ó ní òun kò lè ṣe é, àfi kí òun pò wọ́n pọ̀. Ó tẹ nǹkan kan, ni wọ́n bá tì mí síwájú gbogbo wọn láìjẹ́ kí n tilẹ̀ húkọ́. Mo sáré tún ìborùn mi ṣe.

Bàbá rẹ ti mọ̀ tipẹ́, kò sọ fún mi. Irun orí bàbá rẹ kò ju mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ó ń lọ gẹrun lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mo bi í, ó ní àga ibẹ̀ ló ń tu òun lára. Ọkùnrin tí mo ti ń kọ orin yìí sétí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí kò gbójú sókè rí, òun ló ń lọ jókòó de èmi tí wọ́n há sínú fóònù.

Onígbàjámọ̀ wá ṣí i fún mi lórí fóònù tèmi. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ mú olórin mẹ́ta tí mo fẹ́ràn. Ìwà ìkà! Àwọn tí n kò bá mú, kí ni wọ́n ṣe mí? Mo mú gbogbo wọn kí ìjà má baà sí. Onígbàjámọ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti fún orin mi ní ọkàn wọn, ó fi ọkàn pupa kékeré náà hàn mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọkàn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbé aṣọ wá fún mi rán. Ó tún ní orin yìí ń jẹ dátà. Ogójì olórin ló jókòó tì í tí wọ́n ń jẹ ẹ́, èmi nìkan ni kí n wá máa rà á? Bá mi sọ fún wọn kí oníkálukú dá tirẹ̀. Kí wọ́n tó dá a, fi owó dátà ránṣẹ́ sí mi, kí o fi ti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àti òróró rẹ̀ kún un, torí ẹ̀rọ náà ti ń han, n kò sì fẹ́ kó dójú tì mí lójú gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí wọra nìyí. Orin mi kò parí síbẹ̀. Tí mo bá kọ ẹsẹ kejì tán, wọ́n á gbọ́ mi tí mo pariwo pé ta ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, gbogbo rẹ̀ á sì gé. Ìwọ lo fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ń jí ohùn mi gbà sínú fóònù. Báyìí, gbogbo ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù ló máa ń bá mi pariwo náà. Alágbàfọ̀ fi ń kí mi, àwọn oníṣẹ́ táyà fi ń kí mi. Wọ́n rò pé ibẹ̀ lorin ti dùn jù. Ìwọ tí o kàwé, ṣé o ti gbàgbé ni? Ẹsẹ mẹ́ta ni. Ìyá mi ló kọ́ mi pé kí n máa fi ẹsẹ kọ̀ọ̀kan pe ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ kìíní ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, ìkejì ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. Tìrẹ lo fi sílẹ̀! Gbogbo àwọn tó ń gbọ́ mi kiri ayé, ọmọ méjì ni wọ́n rò pé mo bí.

Má yọ mí kúrò níbẹ̀ o. Gbé ọkùnrin ẹ̀yìn mi yẹn jìnnà sí mi, kí o sì máa bọ̀ nílé. Onígbàjámọ̀ ní kí n kọ ẹsẹ kẹta sínú fóònù, pé òun á fi ránṣẹ́ sí ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ní rárá, níṣojú ọmọ ni wọ́n ti ń kọ orin ọmọ. Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ délé, kó má sì jẹ́ kí ohùn yìí há kí o tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyá ọmọ mẹ́ta.