Mo Pa Bàbá Mi Lórí Ìwé Kọ́ọ̀tù

Mo ti pa bàbá mi. Ẹ má tíì pariwo, ó wà láàyè... bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ó wà nísàlẹ̀ ilé wa níbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára fìlà, ó ń kọrin lábẹ́ ètè. Orí ìwé kọ́ọ̀tù ni mo ti pa á. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé, nítorí n kò rí oorun sùn mọ́.

Tíṣà ni mí. Ìṣirò ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, Primary Three ni wọ́n há mi mọ́, ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú yàrá kan, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn kan lórí fèrèsé, two times table látàárọ̀ títí tí wọ́n á fi lu aago. Ìṣirò tí mo fi oorun du ara mi kọ́ ti ń jẹrà nínú orí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gé ìpolówó kan fún mi nínú ìwé ìròyìn, pé wọ́n ń wá olùkọ́ ìṣirò láti ilẹ̀ òkèèrè fún ilé-ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin ní Sáḿbíà. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí fún ìntáfíù, ọkùnrin méjì ní kí n yanjú ìṣirò kan lórí pátákó, mo yanjú ẹ̀ lọ́nà méjì! Inú wọn dùn, inú tèmi dùn ju tiwọn lọ. Wọ́n ní kí n fi ìwé ìbí àti sátífíkéètì mi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Síkírá ló wà nínú ìwé ìbí mi, Felicia ló wà nínú sátífíkéètì. (Kì í ṣe orúkọ mi gan-an nìwọ̀nyẹn o, mo kàn fi dípò ni.) Wọ́n kọ̀wé padà pé ta ni Síkírá, ta ni Felicia, kí n lọ gba ìwé ìbúra wá ní kọ́ọ̀tù pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lÉkòó nígbà tiwa á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé-ìwé míṣọ́n ló wà nítòsí wa, wọn ò sì gba ọmọ Mùsùlùmí kankan láìfún un lórúkọ tiwọn. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló mú mi lọ tí wọ́n da omi lé mi lórí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ó ra gúgúrú fún mi nígbà tí à ń padà bọ̀, ó ní Felicia ò gbọdọ̀ kọjá géètì ilé-ìwé. Kò sì kọjá rí. Bàbá mi ò ka ìwé òyìnbó, Lárúbáwá nìkan ló ń kà, nítorí náà gbogbo report card tí mo bá mú wálé, èmi fúnra mi ni mò ń kà á sí i létí, tí mo bá dé ibi tí wọ́n kọ Felicia sí, màá pe Síkírá. Bàbá mi yìí sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa! Títí dòní ló ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ọmọ òun la ilé-ìwé míṣọ́n já, ẹnikẹ́ni ò sì da omi lé e lórí. Tó bá ti ń sọ ọ́ báyìí, ọwọ́ mi á lọ sí irun mi fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì tutù. Ọdún kẹta rèé tí ìyá mi kú, ohun tó sì bẹ̀ mí kẹ́yìn ni pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí bàbá mi gbọ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ wá búra pé èmi ni Felicia? Mo lọ bá àbúrò ìyá mi ọkùnrin, òun nìkan ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ omi náà. A jọ lọ sí kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ ní bí bàbá bá ń bẹ láyé, bàbá ló gbọ́dọ̀ wá búra, àfi tí kò bá sí mọ́ ni mọ̀lẹ́bí míì fi lè ṣe é. Èmi rò pé a máa padà sílé ni... àbúrò ìyá mi ti ṣí fìlà, ó ti fajú ro, ó ní, "Wọ́n ti di olóògbé, sà." Akọ̀wé wojú mi, ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Èmi tí mo máa ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ gbọ́wọ́ sókè nítorí irọ́! Mo ní, "Yes, sir." Ó kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, ó ní ẹ̀yìn bàbá á dára, mo ní àmín. Ó wá tẹ orúkọ bàbá mi sínú ìwé náà pátápátá, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti ti bàbá tó bí i, pẹ̀lú "the late" níwájú. Nígbà tí a fi máa padà wọ àdúgbò, àkókò ìrun Alásárì ti tó. Ohùn bàbá mi ló kọ́kọ́ pàdé wa lọ́nà, ó ń pe ìrun. Iwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Ìdúmàgbò ni mo dúró sí, mo ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ, títí ó fi pè é tán.

Lẹ́tà Sáḿbíà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbà mí! Wọ́n ti wá ilé dè mí, oṣù kìn-ín-ní ọdún ni kí n wọlé iṣẹ́, mo sì sọ fún bàbá mi kí n tó ronú. Bàbá tí orúnkún ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í jó... Ó ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ yẹn, kí n kó gbogbo ìwé mi wá láìku ọ̀kan, kí wọ́n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì ṣàdúà sí wọn. Bí a ṣe ń ṣe ládùúgbò wa nìyẹn. Èèyàn ra ilẹ̀ ni, ó ra mọ́tò ni, wọ́n á ka ìwé rẹ̀ sókè, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí àwọn àgbà lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí ni yóò kà á, bàbá kan tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kì í fo kọ́mà kan. (Ọpẹ́ ni pé ìwé ìròyìn òyìnbó nìkan ló ń rà, kò ní rí èyí.)

Mo ti rò ó títí. Àbúrò ìyá mi ní kí n fi ìwé ìbúra náà pamọ́, kí n ní àwọn tó wà lókè òkun ló mú sátífíkéètì. Ó dáa, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ ńkọ́? "Dear Miss Felicia" ló bẹ̀rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń gbìyànjú àtigba abẹ́lẹ̀ bá Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀... àmọ́ lánàá, bàbá mi pè mí wọlé. Ó ń yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, "Síkírá, ṣé wọ́n kọ orúkọ mi síbì kankan nínú àwọn ìwé rẹ yẹn? Mo ti bẹ Akọ̀wé kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i hàn mí." Mo ní ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo sáré lọ tú gbogbo ìwé mi wò. Kò sí lára sátífíkéètì, orúkọ bàbá rẹ̀ tí à ń jẹ́ bí orúkọ ìdílé ló wà níbẹ̀. Kò sí nínú lẹ́tà. Kódà nínú ìwé ìbí, orúkọ ìnagijẹ tí àwọn oníbàárà ń pè é ni ìyá mi sọ fún nọ́ọ̀sì. Ìwé kan ṣoṣo ló wà tó gbé orúkọ bàbá mi pé pérépéré.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí n sì tú àṣírí ìyá mi olóògbé síta? Ṣé kí n ya lẹ́tà Sáḿbíà, kí n padà sí two times table? Ó ti ń rán fìlà tuntun tí yóò dé lọ́jọ́ náà o, ọnà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí Akọ̀wé bá wá fi ìka lé orúkọ rẹ̀, tí bàbá mi sì bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ yẹn... ẹ̀yin èèyàn mi, ojú wo ni mo máa fi wò ó?