Táyà Tí Kò Rìn, Tí Wọ́n Ní Ó Ti Gbó

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kejì, 1989

Mo ti san owó gééjì tí Sùlè tó ń lẹ táyà fi wọn afẹ́fẹ́ táyà mi, kò sí gbèsè láàárín wa. Ó wá kù kí n kí ara mi kú iṣẹ́ òní.

Ilé onítáyà, irú èyí tí mọ́tò máa ń fà, tí òyìnbó kan ní Oregun tà fún mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́yìnkùlé wa ní Ọgbà. Mi ò jẹ́ kó rìn rárá, kí táyà rẹ̀ má baà jẹ. Ràímì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ so ó mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú, kí àbúrò mi lè máa ránṣọ nínú rẹ̀. Sùlè ní táyà ti gbó.

"Táyà tí kò rìn?"

"Mama Bísí, oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹ wo bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe sán."

Ràímì rẹ́rìn-ín. "Ìlà ojú táyà náà ṣì jìn ju ti mọ́tò mi lọ. Ẹ jẹ́ ká kàn dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, kó má bẹ́ nínú oòrùn."

Sùlè ní, "Dín in kù kẹ̀? Ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó gbóná, kó bẹ́! Ṣé ìwọ lo máa ru ilé dé Ìjẹ̀bú?"

Ta ni kí n gbà gbọ́? Sùlè ń ta táyà tòkunbọ̀, Ràímì sì ń kánjú. Owó táyà méjì láyé SAP tí gbogbo nǹkan wọ́n yìí ju owó tí mo fi ra ilé náà lọ. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa dojú dé.

Mo rántí bàtà kan tí mo tọ́jú sínú páálí láìwọ̀ ọ́: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí. Àbí dídúró lásán náà máa ń ba nǹkan jẹ́...

Mo ní kí Ràímì dúró ná. Mo ti bẹ Alàgbà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Agége, tí wọn kì í ta táyà, kí wọ́n wá wò ó. Ọjọ́rú ni wọ́n máa dá mi lóhùn.