Áàpù Tó Ní Ojú Méjì

Yàrá Kejì Lókè,
Ilé Alátẹ̀gùn Irin,
Ẹ̀yìn Báńkì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà.

Àbúrò mi àtàtà,

O kú ọwọ́ lómi o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọ̀gá Kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn, àbí òun ṣì ni ọlọ́dẹ ilé? Àna mi dáadáa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti mọ ìtẹ́dìí ọmọ í pààrọ̀ ju ìwọ alára lọ. Bá mi kí i kú iṣẹ́. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara tèmi le koko. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti ń fà, ẹnu wọn nìkan ni kò tíì sinmi.

Lẹ́tà rẹ tó kọjá bà mí nínú jẹ́. O ní iṣẹ́ ojú òpó ayélujára ti fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn, pé láti ìgbà tí o ti bímọ, orí rẹ kò gba kóòdù mọ́, kí n wá ẹlòmíràn tí a ó jọ máa ṣe é. Mi ò wá ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún ọ.

Ṣé o rántí dókítà eyín ìsàlẹ̀ ilé wa, oníbàárà wa àkọ́kọ́, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, eyín onítọ̀hún ló ń wò? Ó ní ojú òpó tí a ṣe fún òun ti gbó, òun fẹ́ tuntun, kí ẹ̀rín òun fúnra òun sì wà lókè rẹ̀ gbàgàdà. Ayafọ́tò tí a jọ ń lo yàrá iṣẹ́ ní kí n lo áàpù tó jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fa nǹkan síbi tó wù wọ́n, kò sí kóòdù rárá. O mọ̀ mí, ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo fa àwòrán sọ́tùn-ún, mo fa ọ̀rọ̀ sósì, kò pẹ́ tí ojú òpó náà fi dára bí egbin. Dókítà dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rín ara rẹ̀.

Àfi bó ṣe di pé kò sí aláìsàn kankan tó gba ààyè lórí rẹ̀ láti wá rí dókítà. Mo ti ń rò pé eyín kò dun ẹnikẹ́ni láyé mọ́ ni, kí ìyá àgbà kan tó fẹsẹ̀ rìn wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú kọ̀ǹdọ̀. Wọ́n ní àwọn ti tẹ fóònù títí, kò dáhùn. Ìgbà tí mo wò ó ni mo rí i pé lórí kọ̀ǹpútà mi, bọ́tìnì ìgbààyè jìnnà sí àwòrán, ṣùgbọ́n lórí fóònù, etí àwòrán tí kò láwọ̀, tí ojú kò lè rí, ti bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo bí ìyá yẹn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, eyín dókítà ni wọ́n ń tẹ̀. Ojú tì mí.

Mo fà á lọ, mo fà á bọ̀, pàbó. Áàpù yẹn kò ní ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wo ikùn rẹ̀. Ayafọ́tò tún gbé òmíràn wá, kóòdù nìkan ni tìyẹn, ìlà èdè kọ̀ǹpútà láti òkè délẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí, mo pa á dé. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà yẹn náà ni kẹ́ ẹ máa lò lọ. Àbúrò yín ò padà sídìí iṣẹ́ yìí mọ́.” Inú bí mi gan-an, torí pé ẹnu ìwọ fúnra rẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Bí mo ṣe ń wá kiri ni mo rí ẹ̀kẹta, áàpù tó ní ojú méjì. Àwòrán wà lápá òsì, kóòdù wà lápá ọ̀tún. Bí o bá fọwọ́ kan nǹkan lósì, ìlà kóòdù tirẹ̀ á tàn lọ́tùn-ún. Bí o bá yí ìlà náà padà, òsì náà á yí. Mo fọwọ́ kan eyín dókítà, ìlà kan sì tàn. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí o máa ń pariwo sí mi létí, pé inú àpótí ni gbogbo nǹkan ń gbé, pé àpótí ni kí n máa ṣọ́, kì í ṣe àwòrán. Mo dín gíga àpótí náà kù. Mo dín in jù, ó wá ku ètè òkè dókítà nìkan, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Mo wá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí tó fi tó ojú rẹ̀ láìbo bọ́tìnì mọ́. Fóònù Màmá ni mo fi dán an wò. Ìyá àgbà ti gba ààyè, wọ́n ti yọ eyín náà, wọ́n sì ní kí n kú iṣẹ́.

Áàpù yìí ni mo yàn. Kì í ṣe nítorí bọ́tìnì o. Ó ní apá ọ̀tún, apá náà kì í sì í ṣe tèmi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ kóòdù, mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni àgbàlagbà. Èèyàn méjì lè wà nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n jọ wọ inú ojú òpó kan náà. O lè fi ọwọ́ kan tún ìlà kan ṣe bí ọmọ bá ń mu ọmú. Bó bá sunkún, rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kí o tó padà sídìí iṣẹ́, bí a bá ń sunkún náà a máa ń ríran. Orí rẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Àìsùn ló ń dà ọ́ láàmú, àbúrò mi. Àárò rẹ sì ń sọ mí. Ayafọ́tò máa ń gbé báàgì rẹ̀ sórí àga rẹ, èmi náà kì í yé gbé e kúrò.

Bá mi kí àna mi, kí o fẹnu ko Ọ̀gá Kékeré lẹ́rẹ̀kẹ́. Màmá ní kí o máa jẹun dáadáa, kí o sì yé gbé omi tó wúwo. Ayafọ́tò náà kí ọ. Mo ti ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀.

Mo ti fi orúkọ rẹ sínú áàpù náà, ọ̀nà àtiwọlé wà lórí fóònù rẹ. Lábẹ́ ìlà àwòrán dókítà, mo kọ irú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń fò kọjá, tí àlejò kì í rí. Ohun tí mo kọ ni: “Ibi tí agbára mi mọ rèé, àbúrò mi.” Kò sí ìkánjú. Lọ́jọ́ tí o bá wọlé, pa á rẹ́. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Láàárọ̀ yìí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,
Ẹlẹ́yinjú.