Irú Gbígbọ̀n Wo Ni Ẹ́ńjìnnì Náà Ń Gbọ̀n?

Sharjah,
Ọjọ́bọ̀.

Mùráínà, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, inú ni kò dùn. Ẹ́ńjìnnì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, dírámù 2,200. Owó ọkọ̀ ojú omi, 450. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò ju 85 lọ. Rántí pé 1,500 nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé Hameedat, ọmọ àǹtí wa, ni mo yá. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yunifásítì rẹ̀ fẹ́ gba owó náà.

Ọ̀gbẹ́ni Nomura, ará Japan tó ta ẹ́ńjìnnì náà, fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá dé ọwọ́ rẹ, láti gba owó padà bí ó bá ní àléébù. Nígbà tí o kọ gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ pé ó ń "vibrate", mo sáré tọ Nomura lọ. Ó ní irú gbígbọ̀n wo? Ní èdè tiwọn, buruburu ni ti ẹ̀rọ tí kò tíì móoru, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Gatagata ni ti èyí tí irin inú rẹ̀ ti tú, ìyẹn nìkan ló ń dá owó padà lé lórí. Mo fi fídíò tí o fi ránṣẹ́ hàn án. Ó ní nínú fóònù, bákan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ń gbọ̀n.

Mo bi ọ́ títí. "Vibration" ṣáá lò ń kọ. Ìwọ tí a bí sínú èdè tó ní rìrì, tó ní pẹ̀pẹ̀, tó ní jìgìjìgì! Ta lo ń kọ gẹ̀ẹ́sì sí? Èmi tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan?

Nomura ní kí n fara ṣe é. N kò mọ bó ṣe rí, mo bá rọra ń gbọ̀n níwájú tábìlì rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ pàtẹ́wọ́: "Yalla, habibi, ó yá, ọ̀rẹ́ mi, jó!" Nomura kọ buruburu sílẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n padà wá kí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó parí, ọjọ́ náà ni ọgbọ̀n ọjọ́ wa pé.

Àná, Ọjọ́rú, tí à ń jà lórí fóònù, lo wá pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yé bú mi jàre! Jìgìjìgì ló ń gbọ̀n, ó ń ró kàkàkà bí eyín ẹni tí ibà ń ṣe, bọ́nẹ́ẹ̀tì fẹ́ẹ̀ fò!" Mo wọ bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ̀n bí o ṣe wí gẹ́lẹ́, eyín mi ń lu ara wọn. Nomura kò jẹ́ kí n parí. "Gatagata," ó ní. Ó wá nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Khalas," ó ti parí nìyẹn: ọgbọ̀n ọjọ́ ti pé ní àná rẹ̀.

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ni ọ́. Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ, kí irin má ṣe ọ́ léṣe.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sùnmọ́nù.

Àfikún: Hameedat ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Dírámù 1,500. N kò tíì san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.