Ilé-Iṣẹ́ Iná Alájì Lámpù àti Ohun Tí Bàbá Wa Kò Sọ

Ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà àwa ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbíjáànù níbí. Mo kí Bọ̀dá Gàníyù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, mo kí bàbá wa àgbà tí wọ́n jẹ́ olórí agboolé, mo kí gbogbo ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ṣé òjò ti rọ̀ sí iṣu tí ẹ gbìn lọ́nà Isundunrin? Níbí, òjò là ń jí bá, òjò là ń sùn tì. Omi wọ yàrá tí èmi àti Àǹtí Sàláwà, àbúrò yín, jọ ń gbé, a sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù.

Mo mọ̀ pé Bọ̀dá Gàníyù ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á nínú yàrá. Tí ẹ bá kírun Àsárì tán, ẹ jókòó síwájú agboolé, ẹ pe ará ilé, ẹ pe aládùúgbò, kí ẹ sì kà á sókè. Ìta la ti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ìta náà ni kí a ti tún un ṣe.

Ìyá mi, ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe iná ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Kì í ṣe iná yàrá lásán là ń ṣe o. Iná ṣọ́ọ̀bù ńlá, iná báǹkì, iná ọsibítù, iná òtẹ́ẹ̀lì ni. Àwọn ọkùnrin a gé páànù, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a kùn ún lọ́dà. Àwa obìnrin a jókòó nídìí tábìlì gígùn, a máa so wáyà sí i nínú, kí a tó fi gílóòbù gígùn funfun yẹn dán an wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ńṣe ni ìka mi ń bó. Nísinsìnyí mo lè so ó láìwò ó. Ìdánìkanwà ló kù tí kò tíì mọ́ mi lára. Faransé ni gbogbo tábìlì ń sọ. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn láìmọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Alájì Lámpù ni gbogbo wa ń pe bàbá tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Èmi kò mọ orúkọ mìíràn fún wọn. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n, nítorí tí wọ́n bá ń kọjá nídìí tábìlì mi, wọn a ní, "O kú iṣẹ́." Ṣùgbọ́n ta ni mí tí n ó bi wọ́n pé ọmọ ìlú wo ni wọ́n? Ohun kan ṣoṣo tí mo kíyè sí ni pé ọwọ́ ọ̀tún wọn kì í kúrò nínú àpò.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, a kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kọ́ ilé kejì tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ ṣí i. Wọ́n pa màlúù, lèmọ́ọ̀mù ṣe àdúrà, wọ́n sì ní kí bàbá bá wa sọ̀rọ̀. Bàbá kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Faransé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn fẹ́ fi èdè ìyá àwọn sọ ọ́, kí àwa tó gbọ́ Yorùbá lè mọ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Agolo mílíìkì ni wọ́n ń gé, tí wọ́n fi ń ṣe àtùpà elépo, tí wọ́n sì ń kiri rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, aláṣọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa iná mànàmáná wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun ṣe ìbòrí fún gílóòbù, kí ìmọ́lẹ̀ má fọ́n ká, kí ó lè bọ́ sórí ọjà òun. Bàbá ní àwọn alára kò mọ bí àwọn yóò ṣe ṣe é. Ẹnìkejì àwọn ló mọ bí a ṣe ń fi òòlù lu páànù tí yóò fi tẹ̀ bí igbá. Wọ́n ṣe ọ̀kan. Oníbúrẹ́dì rí i, ó ní kí wọ́n ṣe tòun. Àwọn télọ̀ rí i. Kí ọdún tó yípo, wọn kò rántí àtùpà elépo mọ́. Wọ́n gba ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìtẹpáànù àlòkù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà lọ sí ìlú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá dé tí wọ́n fi yọ ọwọ́ ọ̀tún wọn nínú àpò. Ìka mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò tíì pé oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn. Páànù kan há sí i lẹ́nu, àwọn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́, ẹnìkejì àwọn kò sì wò kó tó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí àwọn lajú ní ọsibítù, àwọn bèèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti wọkọ̀ lọ sílé láti ọjọ́ náà.

Bàbá wá ní, "Làmídì ọmọ Èjìgbò ni. Òun ló lu páànù àkọ́kọ́ tó di ilé yìí. Ẹ bá mi ṣe àmín fún un níbikíbi tó bá wà."

Ìyá mi, gbogbo èrò ṣe àmín. Bàbá wa ni Làmídì tí wọ́n ń sọ yìí. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ òsì kọ́ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí iná gígùn funfun ṣe dé tí wọ́n tú u wò títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ṣe, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé alájà ní ìlú yìí tí gbogbo wọn ń wá iná wá, títí tí mọ́tò fi ń gbé ọjà wa lọ sí ìlú Buaké. Bí ẹni ń lálàá ni mo ń gbọ́ ọ. Ohun kan ló ń yí lórí mi: bàbá tó dúró níwájú mi yìí ni Bùsárì.

Bùsárì ará Masifa! Orúkọ tí a fi ń bú ènìyàn nílé wa. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń gbọ́ lẹ́tà yìí, gbogbo yín lẹ mọ ohun tí bàbá wa sọ nígbà tí wọ́n dé láti Àbíjáànù. Wọ́n ní Bùsárì, ọ̀rẹ́ àwọn, gba ṣẹ́ẹ̀dì mọ́ àwọn lọ́wọ́, ó sì lé àwọn jáde bí ajá. Títí wọ́n fi kú, sítóòfù àti àtùpà tó ń jò ni wọ́n ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tí ẹnikẹ́ni bá káàánú wọn, wọn a ní kí onítọ̀hún lọ bi Bùsárì. Wọn kò dárúkọ ìka rí.

Àǹtí Sàláwà ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Wọ́n ní gbogbo ilé-iṣẹ́ ìlú yìí ló ń lé ènìyàn báyìí, àti pé ọjọ́ tí bàbá bá mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi lọ sídìí tábìlì. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì bàbá ló gbé mi lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni ọmọ Làmídì, àti pé Làmídì ti di olóògbé. Bàbá bọ́ fìlà. Wọ́n ní, "Làmídì kú, ẹnikẹ́ni kò sì túfọ̀ fún mi?" Nígbà tí wọ́n sunkún tán, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí bàbá mi kò fèsì iṣẹ́ tí àwọn rán sí i. Mo ní iṣẹ́ wo? Wọ́n ní nígbà tí ọwọ́ àwọn san, tí iṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ẹnìkan lè dá ṣe, àwọn rán àbúrò àwọn lọ sí Èjìgbò, ọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Iṣẹ́ tí àwọn rán an ni pé kí Làmídì máa bọ̀. Pé àwọn mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Pé àyè rẹ̀ ṣì wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì.

Ìyá mi, ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí ọkùnrin olójú kan yẹn. Ẹ̀yin náà rántí rẹ̀. Iwájú agboolé ló dúró sí. Bó ṣe dárúkọ Bùsárì báyìí lẹ gbé omi tí ẹ fi fọ abọ́ dà lé e lórí, tí àwa ọmọdé sì hó lé e títí dé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Kò ráyè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bàbá wa sì wà nínú yàrá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ orúkọ tí ọkùnrin náà dá, wọn kò sì jáde.

N kò dá yín lẹ́bi. Ohun tí ọkọ yín sọ fún yín lẹ gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá gbọ́ ohun tí a ti ń sọ nípa wọn láti ọjọ́ yìí wá, n kò rí àgbàlagbà tí ẹnu yà tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Èmi? Èmi ni mo lé Làmídì?" Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ọmọ wọn, Kúbúrà, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Masifa. Wọ́n ní ọmọ náà sá kúrò ní ilé-ìwé ní Èjìgbò lọ́jọ́ kan, kò sì padà sí ilé-ìwé kankan mọ́ títí dòní, àwọn kò sì mọ ohun tó lé e.

Èmi mọ ohun tó lé e. Kíláàsì kan náà la wà. Èmi ni mo dìde tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti ọmọ olè, gbogbo kíláàsì sì gbà á lórin. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ẹ ní mo káre. Bàbá wa dákẹ́. Mo rò pé inú ló ń bí wọn ni.

Mo jẹ́wọ́ èyí náà fún bàbá. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní kí n jáde. Mo lọ kó ẹrù mi nídìí tábìlì, mo gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ránṣẹ́ pè mí nílé. Wọn kò rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní kí n padà sídìí wáyà mi, pé iṣẹ́ mi mọ́, pé ọwọ́ Làmídì ni mo jogún. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Masifa fún Iléyá, àwọn yóò sì fẹ́ dúró síbi sàréè ọ̀rẹ́ àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ nítorí Kúbúrà. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn kò lè bá Kúbúrà dárí jì mí.

Ìyá mi, mo fẹ́ràn bàbá wa. Nígbà tí ibà ń ṣe mí, àwọn ni wọ́n gbé mi pọ̀n dé ọsibítù. N kò mọ bí ẹni tó ní irú àánú bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà wọ́n, lẹ́yìn náà ni ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè padà. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n.

Alájì Bùsárì ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, kí n jẹ́ kí òkú sinmi. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wá kọ ọ́, nítorí òkú ń sinmi, Kúbúrà kò sinmi. Nítorí náà, kí bàbá wa àgbà àti Bọ̀dá Gàníyù lọ sí Masifa kí ọdún tó dé. Kí wọ́n wọ agboolé Alájì Bùsárì ní ọ̀sán, kí gbogbo ènìyàn rí wọn, kí wọ́n sì sọ pé Bùsárì kò gba nǹkan ọlọ́nǹkan. Tí wọ́n bá rí Kúbúrà, kí wọ́n sọ fún un pé Mùíbátù ọmọ Làmídì ló purọ́ mọ́ ọn, àti pé mo ń bọ̀ wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un, ì báà gbà, ì báà kọ̀.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bo ilé wa, kí ó dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí ó jẹ́ kí a padà wá bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí lẹ́tà yìí bá bí nínú pàápàá.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùíbátù